Ìdẹ rọ́bà àti ìwọ̀: àwọn ìbéèrè tó ń padà wá ṣáá, àti ìdáhùn wọn

Ọwọ́ àwọn tó ń pẹja ní Akúrẹ́, Oǹdó àti Ìlàjẹ ni ìbéèrè wọ̀nyí ti ń wá, àti ọwọ́ àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó takókó ló kẹ́yìn.

Kí tilẹ̀ ni ìdẹ rọ́bà?

Ìdẹ àtọwọ́dá ni, ike rírọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Òmíràn jọ ekòló, òmíràn jọ alángbá, edé, ọ̀pọ̀lọ́ tàbí ẹja wẹ́wẹ́. Wọ́n máa ń yọ́ ike náà, wọ́n á po àwọ̀ mọ́ ọn, nígbà mìíràn wọ́n á fi iyọ̀ àti òróró olóòórùn kún un. Iyọ̀ yẹn kì í ṣe fún adùn nìkan, òun ló ń jẹ́ kí ìdẹ wúwo, kó sì rì. Àmọ́ ìdẹ tí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í pẹ́ ya.

Nick Creme àti Cosma ìyàwó rẹ̀, ní ìlú Akron ní Ohio, ló ṣe ekòló ike tó kọ́kọ́ lókìkí, lọ́dún 1949. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń pẹja bass ti sọ ọ́ di ohun tí kì í wọ́n nínú àpò wọn.

Bass wo ni wọ́n ń sọ? Ṣé ó wà nínú odò wa?

Bass ẹlẹ́nu gbàgà ni wọ́n sábà máa ń ní lọ́kàn, ẹja omi tí kò níyọ̀. Ilẹ̀ Àríwá Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Wọ́n ti kó o lọ sí Kenya, Zimbabwe àti Gúúsù Áfíríkà, ó sì ti di onílé níbẹ̀. Èyí tó tóbi jù tó wà lákọsílẹ̀ ni èyí tí George Perry mú ní Georgia lọ́dún 1932: pọ́n-ùn 22 àti ounce 4, bíi kìlógíráàmù 10. Lọ́dún 2009, Manabu Kurita mú ọ̀kan tó bá a dọ́gba ní adágún Biwa ní Japan.

Kì í ṣe ẹja odò Ọ̀wẹnà, kì í sì í ṣe ẹja odò Ògbèsè. Ẹni tó bá ní òun mú bass ní Ògbèsè, ẹ ní kó gbé e wá ká jọ wò ó.

Tí kò bá sí bass níbí, kí wá ni ìdẹ rọ́bà fẹ́ ṣe fún mi ní Akúrẹ́?

Bí ẹja ṣe ń wá oúnjẹ ni kí ẹ wò, ẹ má wo orúkọ rẹ̀. Bass máa ń ba sábẹ́ igi tó wó sómi tàbí sábẹ́ koríko, á máa fi ojú ṣọ́ ohun tó ń kọjá, á sì gbé e lójijì. A ní irú wọn níbí. Ẹja gbọọrọ kan wà tí orí rẹ̀ jọ ti ejò, tó ń gbé àbàtà àti etí odò tó kún fún koríko, tó sì máa ń yọjú mí lójú omi. Òun gan-an ni ọ̀nà Texas, tí ẹ óò kà nípa rẹ̀ nísàlẹ̀, bá mu jù. Èyí tó gùn, tí eyín rẹ̀ ṣe ṣóńṣó ṣóńṣó, tó máa ń dúró jẹ́ẹ́ láàárín koríko, náà á gbé e, ṣùgbọ́n á fi eyín ba ìdẹ jẹ́.

Ẹja àrọ̀ ń tẹ̀ lé òórùn ju ohun tó fojú rí lọ. Ẹ má fi owó ìdẹ rọ́bà ṣòfò nítorí rẹ̀. Ekòló gidi tàbí ìfun adìyẹ ló mọ̀. Ẹnu ẹpìyà kéré, á kàn máa já ìrù ìdẹ jẹ ni. Ní Ìlàjẹ, níbi tí omi òkun ti ń wọlé, kútà á kọlu ìdẹ rọ́bà dáadáa, àmọ́ ìdẹ kan kì í sábà kọjá ẹja kan lẹ́nu kútà.

Ṣé ibikíbi ni mo lè lọ ju ìwọ̀ sí?

Rárá o. Bí ẹ bá dé odò abúlé, ẹ kọ́kọ́ kí àwọn àgbà ibẹ̀ àti àwọn apẹja tí ẹ bá lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ sì béèrè bóyá ibì kan wà tí wọn kì í ti í pẹja. Àwọn odò kan ní èèwọ̀ tiwọn. Ní ibi tí wọ́n sé odò sí fún omi ẹ̀rọ, bíi ti Ọ̀wẹnà, omi mímu aráàlú ni, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ọ kí ẹ tó sún mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ní Texas, ẹni tó bá ti pé ọdún 17 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìpẹja.

Ìwọ̀ wo ni kí n rà?

Ẹ kọ́kọ́ mọ nọ́ńbà. Láàárín àwọn ìwọ̀ kéékèèké, bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ ni ìwọ̀ ń kéré: nọ́ńbà 10 kéré sí nọ́ńbà 4. Láàárín àwọn ńlá tí wọ́n ń kọ òdo mọ́, òdìkejì ni: 5/0 tóbi ju 1/0 lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń ra ohun tí wọn kò fẹ́ nítorí èyí.

Fún ekòló rọ́bà tó tó íǹṣì 6 sí 7, 3/0 ló dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Èyí tó tínrín, tó sì kúrú, 1/0 tàbí 2/0. Èyí tó sanra bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ tàbí alángbá, 4/0 tàbí 5/0. Ẹ fi ìwọ̀ náà lé ẹ̀gbẹ́ ìdẹ kí ẹ wò ó: àlàfo tó wà láàárín ẹnu ìwọ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ìdẹ lọ dáadáa, kí ìdẹ lè ráyè yẹ̀ nígbà tí ẹja bá gbá a mú.

Ìwọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún ìdẹ rọ́bà ní ìtẹ̀ kékeré méjì lọ́rùn, lẹ́bàá ojú ìwọ̀, ibẹ̀ sì ni orí ìdẹ ń jókòó sí. Ìwọ̀ lásán tí wọ́n ń tà lọ́jà Igbókòdá kò ní ìtẹ̀ yẹn, ìdẹ á máa yọ̀ wálẹ̀ lórí rẹ̀. Fún ọ̀nà Wacky, níbi tí a ti ń fi ìwọ̀ gún ìdẹ láàárín, ìwọ̀ lásán yẹn kò burú.

Báwo ni mo ṣe máa fi ìdẹ kọ́ ìwọ̀ lọ́nà Texas?

Ọ̀nà yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, torí ó ń fi ẹnu ìwọ̀ pa mọ́ sínú ìdẹ, kì í jẹ́ kó há igi àti koríko. Ẹ ki okùn bọ inú òjé oníhò tó rí bí ọta ìbọn, kí orí rẹ̀ tó ṣe ṣóńṣó kọjú sí ọ̀pá ìpẹja, lẹ́yìn náà kí ẹ so ìwọ̀ mọ́ okùn.

Ẹ ti ẹnu ìwọ̀ bọ àárín gbùngbùn orí ìdẹ. Kó wọlé tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ wá yọ ọ́ sí abẹ́. Ẹ fa ìwọ̀ kọjá títí ìtẹ̀ ọrùn rẹ̀ á fi wọnú orí ìdẹ tán, tí ojú ìwọ̀ nìkan á kù díẹ̀ níta. Ẹ yí ìwọ̀ padà kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ara ìdẹ.

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí. Ẹ jẹ́ kí ìdẹ fà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ fi ìwọ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì fi èékánná sàmì sí ibi tí ìtẹ̀ ìsàlẹ̀ ìwọ̀ bá kan lára ìdẹ. Ojú àmì yẹn gan-an ni kí ẹ gún, kì í ṣe òkè rẹ̀, kì í ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ ká ìdẹ kò díẹ̀, kí ẹ ti ẹnu ìwọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá ní gbọọrọ, kó yọ lódìkejì.

Ní ìparí, ẹ fa awọ ìdẹ síwájú díẹ̀, kí ẹ fi ẹnu ìwọ̀ há abẹ́ awọ lásán. Bí ẹ bá fi ìka ra á, kò gbọdọ̀ gún yín. Bí ẹ bá tẹ ìdẹ mọ́lẹ̀, kó yọ jáde kíá.

Kí ló dé tí ìdẹ mi ń yí bírí-bírí nínú omi?

Kò gún ni. Tí wọ́n bá ní ìdẹ rọ́bà ò ṣiṣẹ́, ibí ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, kí n tó béèrè àwọ̀ tàbí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ìdẹ tó wọ́ máa ń yí, ó ń lọ́ okùn, ẹja tó bá sì ti rí i tó ń yí báyìí á kàn máa wò ó ni.

Ẹ gbé e sókè kó fà rọ̀ kí ẹ tó jù ú. Bí ó bá kó jọ láàárín, ẹ gún un jìnnà sórí jù. Bí ó bá fà le tantan, tí ó ká ìwọ̀ mọ́ra, ẹ gún un jìnnà sí ìrù jù. Bí ó bá yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹnu ìwọ̀ ò gba àárín kọjá ni. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún un gún. Ẹ wá fà á kọjá níwájú yín nínú omi tó mọ́, kí ẹ fojú ara yín rí i pé ó ń lọ gbọọrọ.

Òjé mélòó ló yẹ? Ṣé mo lè lo púlọ́ọ̀gì ọkọ̀?

Èyí tó fúyẹ́ jù tó ṣì lè kanlẹ̀ ni kí ẹ lò. Omi tí kò jìn, tí kò sì sáré: gíráàmù 3.5 sí 5. Omi tó jìn díẹ̀ tàbí tí atẹ́gùn ń fẹ́: 7 sí 10. Ògbèsè nígbà òjò ń sáré, ó sì ń pọ́n, gíráàmù 14 pàápàá lè má tó o; nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, 5 á ṣe é.

Púlọ́ọ̀gì ògbólógbòó dáa fún okùn ìsàlẹ̀ àti fún Drop shot (ẹ óò kà nípa rẹ̀ nísàlẹ̀), níbi tí a kàn ń so ó rọ̀. Kò ṣe é fi ṣe Texas, torí okùn gbọ́dọ̀ ráyè rìn gba inú òjé kọjá. Òjé tí fọganáísà fi ń báláǹsì táyà náà wúlò bí ẹ bá lè lu ihò sí i láìjẹ́ kó ní etí mímú. Etí mímú yẹn á rẹ́ okùn. Ẹ má fi eyín gé òjé, ẹ má yọ́ ọ nínú ìkòkò tí ẹ ń fi se ọbẹ̀, ẹ sì fọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Májèlé ni.

Tungsten wúwo ju òjé lọ, nítorí náà ó kéré ní ìwọ̀n kan náà, ó sì le. Ọwọ́ máa ń mọ̀ ọ́n bó bá kan òkúta. Ó wọ́n, bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ẹ ò nílò rẹ̀.

Ṣé kí n de òjé mọ́ ìdẹ, àbí kí n fi í sílẹ̀ kó máa rìn?

Nínú omi gbayawu, ẹ fi í sílẹ̀. Òjé á kọ́kọ́ rì, ìdẹ á máa bọ̀ lẹ́yìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹja tó bá sì gbé e kò ní mọ ìwúwo òjé lẹ́nu.

Láàárín koríko, ẹ dè é. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òjé á bọ́ sí apá kan ewé, ìdẹ á kù sí apá kejì. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ti tó: ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ ihò òjé lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, kó fún, kí ẹ ṣẹ́ èyí tó kù.

Wacky ńkọ́? Mo rí i tí wọ́n fi ìwọ̀ gún àárín ekòló lásán.

Bẹ́ẹ̀ náà ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ń rì láìní òjé, orí àti ìrù rẹ̀ á jọ máa gbọ̀n. Kò sí ọ̀nà tó rọrùn fún ọmọdé jù ú lọ. Ẹ jù ú, ẹ jẹ́ kó rì, ẹ gbọ̀n ọ̀pá díẹ̀, ẹ tún dúró. Àìnísùúrù ló ń bà á jẹ́.

Ìdẹ á tètè já láàárín. Nítorí náà, ẹ fi òrùka rọ́bà kékeré sí i láàárín, kí ẹ ki ìwọ̀ sábẹ́ òrùka náà dípò ara ìdẹ. Rọ́bà tinrin tí wọ́n gé lára túùbù kẹ̀kẹ́ ń ṣiṣẹ́ yìí láìsí wàhálà. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹnu ìwọ̀ wà níta, ẹ má jù ú síbi tí igi pọ̀ sí.

Ìgbà wo ni kí n lo Carolina, ìgbà wo ni Drop shot?

Carolina wà fún wíwá ẹja níbi tó gbòòrò. Òjé gíráàmù 14 sí 28, ìlẹ̀kẹ̀ kan, swivel (irin kékeré tó ń yí kí okùn má bàa lọ́), lẹ́yìn náà okùn mìíràn tó tó íǹṣì 18 sí 36, kí ìwọ̀ tó kàn. Òjé ń wọ́ nílẹ̀, ìdẹ ń léfòó díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá fà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má gbé e sókè.

Drop shot, òdìkejì ni: òjé wà nísàlẹ̀ pátápátá, ìwọ̀ kékeré wà lókè rẹ̀ ní bíi íǹṣì 12 sí 18. Ẹ̀ ń lò ó nígbà tí ẹ ti mọ ibi tí ẹja wà, tí ẹ fẹ́ kí ìdẹ dúró síwájú rẹ̀. Ìdẹ íǹṣì 3 sí 4 tó tínrín ni kí ẹ fi sí i, kí ẹ kàn ki ìwọ̀ bọ ọ nímú.

Àwọ̀ wo ni ẹja fẹ́ràn?

Omi tó mọ́: àwọ̀ ewé tó ṣú tàbí àwọ̀ ekòló. Omi pípọ́n: dúdú, tàbí dúdú tó ní búlúù lára. Èyí tó kù wà fún gbígba owó lọ́wọ́ apẹja.

Okùn wo ni, kí ni mo sì fi máa so ìwọ̀ kó má tú?

Okùn ọ̀rá lásán ń fà, ó dáa fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, kò sì wọ́n. Fluorocarbon ń rì, kì í sì í hàn púpọ̀ nínú omi. Okùn híhun kì í fà rárá, ó lágbára, òun ni ti inú koríko.

Fún gbogbo wọn, ìso Palomar ni mo fọwọ́ sí. Ẹ ká okùn sí méjì, kí ẹ ki i bọ ojú ìwọ̀. Ẹ fi okùn oníméjì yẹn ta kókó lásán, ẹ má tíì fà á le. Ẹ gbé ìwọ̀ gba inú ojóbó tó wà lórí kọjá. Ẹ fi itọ́ tàbí omi rin ín, kí ẹ wá fà á le díẹ̀díẹ̀. Ìso gbígbẹ tí wọ́n fà lójijì máa ń jó okùn, ọjọ́ tí ẹja ńlá bá dé ló máa ń já. Bó bá jẹ́ Drop shot ni, ẹ jẹ́ kí ìrù okùn gùn, kí ẹ tún ki i bọ ojú ìwọ̀ láti ìhà tí ẹnu ìwọ̀ kọjú sí, kí ìwọ̀ lè dúró gbọin sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo ń ju ìdẹ mi sínú àpótí kan náà, gbogbo rẹ̀ ti yọ́ mọ́ra. Kí ló fà á?

Nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni ooru: bùútù ọkọ̀ tó dúró sóòrùn Akúrẹ́ nínú oṣù kejì á rọ ìdẹ, á sì ká a kò. Èkejì ni pé irú ike wọn yàtọ̀. Àwọn tó ń fà gígùn láìjá, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Z-Man ń ṣe, kì í gbé pọ̀ mọ́ ìdẹ lásán. Wọ́n á jọ yọ́ di ọ̀dà. Ẹ fi oríṣi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nínú ọ̀rá tó bá wá, kó sì sùn gbọọrọ. Èyí tó ti ká, ẹ rì í sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á tún nà.

Ìdẹ ń ya lẹ́nu ẹja méjì péré, owó rẹ̀ sì ti gun òkè. Kí ni ṣíṣe?

Ẹ má tíì jù ú nù. Bí orí bá ya, ẹ gé bíi sẹ̀ǹtímítà kan kúrò, kí ẹ tún un gún. Bó bá kúrú jù fún Texas, ẹ lò ó fún Wacky tàbí kí ẹ gé e sí íǹṣì mẹ́ta fún ìwọ̀ tí òjé wà lórí rẹ̀. Ibi tó là ṣe é jó pọ̀: ẹ fi láítà gbóná bíléèdì, ẹ fi kan ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ tẹ̀ wọ́n pọ̀. Níta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, èéfín rẹ̀ ò dáa fún àyà.

Àjákù, ilé ni kó bá yín lọ. Kì í jẹrà, ẹja á gbé e mì, á sì dúró sí i níkùn.

Mò ń mọ̀ ọ́n tó ń jẹ ẹ́, àmọ́ bí mo bá fà á, òfo ni.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń jẹ. Bó bá ń ṣá a jẹ tíkí-tíkí-tíkí, ẹja wẹ́wẹ́ ló wà nídìí ìrù. Kò sí bí ẹ ṣe máa fà á tí ẹ máa mú un, ẹ gé ìdẹ kúrú tàbí kí ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹja tó tó jẹ máa ń fún yín ní ìkọlù kan ṣoṣo, tàbí kí okùn kàn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìsí ìró kankan. Ọ̀pọ̀ kì í wo okùn wọn, ìyẹn ni wọ́n fi ń pàdánù.

Nígbà tí ó bá gbé e, ẹ rẹ ọ̀pá sílẹ̀, ẹ yí ríìlì títí okùn tó dẹ̀ á fi tán, kí ẹ wá fà á sókè pẹ̀lú agbára, ẹ̀ẹ̀kan. Lọ́nà Texas, ẹnu ìwọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já awọ ìdẹ kó tó kan ẹnu ẹja, fífà jẹ́jẹ́ kò lè ṣe é. Fún Drop shot àti ìwọ̀ wẹ́wẹ́, ẹ má já a. Ẹ kàn máa yí ríìlì kí ẹ sì gbé ọ̀pá.

Bí gbogbo èyí bá pé tí ó ṣì ń bọ́, ẹ yẹ àlàfo ìwọ̀ wò. Ìdẹ tó sanra lórí ìwọ̀ 2/0 ń dí ẹnu ìwọ̀. Ẹ gun orí 4/0. Kí ẹ sì fi ẹnu ìwọ̀ ha èékánná yín: bó bá yọ̀ láìfi ilà sílẹ̀, ó ti kú.

Ìwọ̀ gún mi lọ́wọ́ tó sì kọjá ẹ̀gún rẹ̀. Ṣé kí n fà á padà?

Ẹ má fà á padà bó ṣe wọlé, ẹ̀gún yẹn á ya ẹran. Ẹ gé okùn kúrò, ẹ má jẹ́ kó mì, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ sì bi wọ́n nípa abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Bó bá sún mọ́ ojú, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Ẹni tó bá ń mú ọmọdé lọ sódò, kó fi púláyà tẹ ẹ̀gún ìwọ̀ pẹlẹbẹ kó tó kúrò nílé.

Ojú oró àti òṣíbàtà ti bo omi. Báwo ni ìdẹ ṣe máa wọ abẹ́ rẹ̀?

Ibi tí ẹja ńlá fẹ́ràn nìyẹn, níbi tí ojú rẹ̀ tutù tí oòrùn ò dé. Ní àwọn odò Ìlàjẹ, níbi tí koríko omi ti ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi, òun ni ìṣòro ojoojúmọ́. Ẹ gbé ohun èlò wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Tungsten gíráàmù 28 sí 42 tí ẹ dè mọ́lẹ̀ gbọingbọin, okùn híhun pọ́n-ùn 50 sí 65, ọ̀pá tó le, ìwọ̀ 4/0 ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ tó nípọn. Ìdẹ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré, kó rọra tẹ̀, kó má ní apá púpọ̀ tó lè kọ́ ewé.

Ẹ má jù ú láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ jù ú sókè kó já bọ́ ní tààrà, kí òjé fi ìwúwo rẹ̀ luhò. Bí ó bá dúró lórí ewé, ẹ gbọ̀n ọ́n títí á fi wọlé. Nígbà tó bá ń rì, ẹ jẹ́ kí okùn tẹ̀ lé e láìní ìdádúró. Ó lè dúró kó tó dé ilẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ilẹ̀, ẹja ni, ẹ fà á.

Bí kò bá sí ohun tó gbé e, ẹ gbé e sókè lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta lábẹ́ ewé, kí ẹ fà á jáde, kí ẹ wá ihò mìíràn ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí méjì síbi yẹn. Bó bá gbé e, ẹ má fún un láyè láti yí orí padà. Ẹ fà á gba ojú ihò tó ti wọlé kan náà jáde, pẹ̀lú ewé tó bá bá a wá.